Ohun Tó Yọ̀ǹda Níbi Òkú Bàbá Mi

Bàbá mi ló ná owó náà, àmọ́ orúkọ mi ni wọ́n kọ sílẹ̀. Òrùlé ilé rẹ̀ ní Ashaiman ń jò, ilé-iṣẹ́ ayánilówó sì ní àwọn kì í yá arúgbó tí kò níṣẹ́ lówó. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ọkọ̀ ní Abossey Okai, mo ní káàdì ìdánimọ̀ Gánà, mo fọwọ́ sí i. Lójú gbogbo wa nínú ilé, gbèsè bàbá ni. Ẹni tó ná owó ló jẹ gbèsè, ta ló ń wo ìwé?

Ó san díẹ̀, ó kú kó tó san án tán.

Kí a tó kírun sí i lára, àáfà bèèrè bí wọ́n ti máa ń bèèrè: ẹni tí bàbá yìí bá jẹ lówó kó jáde, kí àwọn ọmọ san án, tàbí kó yọ̀ǹda fún un. Ọkùnrin tó ń gbowó fún ilé-iṣẹ́ náà wà láàárín èrò, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ó nawọ́ sókè, ó ní, "Ó jẹ mí. Mo yọ̀ǹda fún un láyé lọ́run."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku, tèmi ti aṣọ funfun. Nígbà tí a pa àgbò ọjọ́ kẹjọ, mo fi odidi itan kan ránṣẹ́ sí i. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé, kò sí ẹni tó wá bi mí ní nǹkan kan, ọkàn mi sì balẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Lọ́dún yìí, onílé ní òun fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ló kọ́kọ́ fi lọ̀, ó fún mi lóṣù kan. Mo lọ sí báńkì. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ nọ́ńbà káàdì mi, ó fi èdè Twi sọ fún mi pé gbèsè àtijọ́ kan wà lórí orúkọ mi, gbogbo báńkì ló ń rí i, kò sì sí èyí tó máa yá mi lówó. Mo ní wọ́n ti yọ̀ǹda rẹ̀ níbi òkú. Ó ní kí n mú ìwé rẹ̀ wá.

Mo wọ ọkọ̀ tùrótùrò lọ bá ọkùnrin náà ní Ashaiman, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ tán, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Àbúrò, ṣé owó ilé-iṣẹ́ lo rò pé mo yọ̀ǹda? Ta ni mo jẹ́? Bàbá yá ogójì sídì lọ́wọ́ èmi fúnra mi, wọ́n fi ra oògùn. Ìyẹn ni mo yọ̀ǹda."

"Ẹ ò sì sọ fún mi, ẹ̀gbọ́n."

"O ò bi mí."

Itan àgbò nítorí ogójì sídì. Ó jẹ ẹ́, kò sì bi mí ohun tí mo fi ń dúpẹ́.

Mo wá àwọn tó gba ìwé gbèsè ilé-iṣẹ́ náà kàn, mo san án pẹ̀lú èlé. Wọ́n ní ó máa pẹ́ kí orúkọ mi tó mọ́. Kó tó mọ́, ẹnìkan tó ń ta táyà ti ra ṣọ́ọ̀bù mi. Abẹ́ agboòrùn ní òdìkejì títì ni mo ti ń tajà báyìí, ìṣojú mi ló sì ti ń ṣílẹ̀kùn láràárọ̀. Inú ń bí mi sí ọkùnrin agbowó yẹn, inú ń bí mi sí bàbá mi náà, ẹni tó ń sùn ní tirẹ̀ tí kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó.

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi: tí mo bá kú, kí wọ́n má wulẹ̀ bèèrè níbi òkú mi. Kí wọ́n mú káàdì mi lọ sí báńkì, kí wọ́n bèèrè níbẹ̀.