Rẹdíétọ̀ fún Ọkọ̀ Bàbá Àgbà

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ọ́ìlì dúdú níwájú ṣọ́ọ̀bù pààtì ọkọ̀ ní Àkúrẹ́, àyà mi á já, inú mi á sì tún dùn, bí ẹni pé ọwọ́ Dádì ṣì di tèmi mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a wá láti Oǹdó ra rẹdíétọ̀ fún Píjò àtijọ́ tí Bàbá Àgbà tún fẹ́ máa wà.

"Píjò wo ni, ẹ̀gbọ́n?" ni ọlọ́jà bi Dádì.

"404 ni."

"Rárá, Dádì! 403 ni! Èmi ni mo máa ń nu ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí!"

Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò bá jẹ́ kí ọmọ yìí dá wá!"

Dádì rọra tẹ ọwọ́ mi. "404 ni kí o dì fún wa."

Nílé, Bàbá Àgbà ń fi ìka wá ojú ihò bóòtù rẹdíétọ̀ náà kiri. "Kò tún wọlé o."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ni Dádì wí. "A ó wá òmíràn."

Inú bí mi sí Dádì, ojú sì tì mí fún un. N kò mọ̀ nígbà náà pé ojú Bàbá Àgbà ti ń fọ́, àti pé Dádì kò mọ bí òun ṣe máa sọ fún bàbá òun pé kí ó má wakọ̀ mọ́.

Bàbá Àgbà fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́jẹ́. "Tó bá ti wọlé báyìí, èmi ni n ó máa gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Àmín, Bàbá," ni Dádì wí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.