Wọ́n Ya Ẹ̀dọ̀, Ilé-Ọmọ Ló Ń Ṣẹ̀jẹ̀

Ó ti lé lógún ọdún tí nǹkan oṣù ti dágbére fún mi kí ẹ̀jẹ̀ tó tún yọjú, nílé ọmọ mi ọkùnrin ní Beltsville, ní Amẹ́ríkà. Mo sọ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó sọ fún ọkọ. Ọmọ mi, tó kàwé títí irun fi tán lórí rẹ̀, kò lè wojú mi mọ́.

Ó wá ilé ìwòsàn fún mi; wọ́n pè é lórí fóònù, wọ́n ní kí ló ń ṣe màmá. Ojú tì í láti dárúkọ abẹ́ ìyá rẹ̀ létí àjèjì. Ó ní inú ló ń run mí, wọ́n sì kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ohun tó bá wà nínú fọ́ọ̀mù ni ẹni tó ń lo ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, fi ń mọ ibi tí yóò yà àti bí yóò ṣe yà á. Wọ́n tì mí sínú ihò bíi búrẹ́dì, ẹ̀rọ ń lu gbà-gbà-gbà, wọ́n ya ẹ̀dọ̀, wọ́n ya kíndìnrín. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ mi dára bí ti ọmọge! Ọmọ mi gbé ìrẹsì lọ mọ́ṣáláṣí, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́. Èmi jókòó lórí aṣọ tí mo ṣẹ́ sí mẹ́rin, mò ń jẹ ìrẹsì ọpẹ́ ẹ̀dọ̀.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ìwọ ọmọ-ọmọ mi tó ń kọ èyí ni mo ní kí o gbé mi padà lọ sílé ìwòsàn. Yorùbá rẹ ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n o sọ ọ́ bó ṣe rí. Dókítà obìnrin tó gbà wá lanu.

"Ta ló ní kí wọ́n ya ẹ̀dọ̀?"

Mo ní, "Ìtìjú ni."

Ó ní ti ilé-ọmọ yàtọ̀. Wọn á fún mi lábẹ́rẹ́ kí ìfun má bàa máa mì ba àwòrán jẹ́, wọn á fa oògùn sí iṣan mi kí kókó, bó bá wà níbẹ̀, lè hàn yàtọ̀ sí ara, wọn á wá yà á pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bí ilé-ọmọ ṣe dùbúlẹ̀ gan-an. Bí jẹjẹrẹ bá wà, ṣé ó ṣì wà nínú ilé-ọmọ, àbí ó ti jẹ ògiri rẹ̀ já? Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

Ọmọ mi sáré dé. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀."

"Kí wọ́n lè ya ẹsẹ̀ mi?"

Nígbà tí èsì dé, dókítà ní kí ọmọ mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi.

"Màámi, wọ́n ní... nǹkan yẹn... níbẹ̀ yẹn..."

"Níbo? O gbé ibẹ̀ lóṣù mẹ́sàn-án, o ò tijú nígbà náà."

Ó kọjú sí ògiri. "Ilé-ọmọ yín. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ ògiri já. Wọ́n ní àwọn lè yọ gbogbo rẹ̀."

Mo ní kí wọ́n máa yọ ọ́.