Ohun tí Adébùnmí Ń Wá

Ọdún kẹtàlá rèé tí Adébùnmí Ọlágúnjú ti ń wá ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí. Ohun náà kéré débi pé eruku jẹ́ òkè ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; àwọn onímọ̀ físíìsì kàn gbà pé ó yẹ kó wà ni. Inú ihò tí wọ́n ti ń wa góòlù nígbà kan, ní nǹkan bíi máìlì kan sábẹ́ ilẹ̀, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni Adébùnmí ń lọ síbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, tàbí ó wà nílé ní Kettering lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Adébùnmí kọ́kọ́ ti Ìbàdàn dé òkè òkun, yàrá kan ló háyà ní Capitol Heights, nítorí ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé e lọ sí ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ rò pé ọdún mẹ́rin ni yóò fi kàwé. Ó lo mẹ́jọ.

Ní ọdún kẹsàn-án tí wọ́n ti ń wá nǹkan yìí, ẹ̀rọ náà tan yẹ́ríyẹ́rí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí wọ́n ṣe ní yóò ṣe gan-an bí ohun náà bá kọjá. Joel, ọ̀gá wọn, ra kéèkì. Màmá ti sọ fún pásítọ̀ wọn ní Forestville pé wọ́n ti rí i. Adébùnmí nìkan ni kò jẹ kéèkì. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń yẹ ẹ̀rọ náà wò, kí ó tó rí i pé ọ̀dọ̀ rọ́bà kan tí wọ́n fi dí ẹnu páìpù ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Rọ́bà ọ̀hún ló ń tú ìtànṣán díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀, tó ń tan ẹ̀rọ jẹ.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" Joel bi í.

"Rọ́bà ni."

Joel jókòó.

Nílé, Adébùnmí ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún pásítọ̀ pé a ò rí i."

"Ṣé àwọn mìíràn ti rí i ṣáájú yín ni?"

"Rárá, mà. Kò sẹ́ni tó rí i."

"Ta ló wá ní kì í ṣe òun?"

"Èmi ni."

"Ìwọ fúnra rẹ! O ò sì lè dákẹ́?"

Adébùnmí bọ́ síta, ó wọ mọ́tò rẹ̀, kò sì lọ ibì kankan. Ó jókòó síbẹ̀ títí èémí rẹ̀ fi bo gíláàsì.

Lọ́dún tó kọjá, yunifásítì sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Joel ló kọ lẹ́tà sí wọn láti jẹ́rìí sí i: "Bí obìnrin yìí bá ní òun rí nǹkan, ẹ gbà á gbọ́."

Màmá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọmọ mi ti di ọ̀jọ̀gbọ́n," ó ní. "Ohun tó ń wá, kò tíì rí i. Ẹ bá mi dúpẹ́."

Ìjọ dúró díẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù. Kò kù. Wọ́n ṣe àmín, orin sì bẹ̀rẹ̀. Adébùnmí fi ọwọ́ tọ́ ìyá rẹ̀ ní èjìká pé kí wọ́n tètè máa lọ, nítorí ìwé ìdánwò ogójì tó fẹ́ máàkì ń dúró dè é nílé.