Fọ́tò Iwe Adìẹ

Ọjọ́ Kérésìmesì tó kọjá ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, Àdùkẹ́ ọmọ mi ló ń dáná nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ náà, mo fi iwe adìẹ lé ìrẹsì rẹ̀ lórí, mo ya á ní fọ́tò, mo sì fi í ránṣẹ́ sí ẹbí.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ọ̀yọ́.

"Baálé ló ń jẹ iwe! Àbí ọmọ rẹ ti di baálé? Pa fọ́tò yẹn rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n ò ní wá bá yín ṣọdún mọ́."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó sè é ló ni ín."

Mo ya òmíràn níbi tí Àdùkẹ́ ti ń rún iwe náà tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo fi ìyẹn náà ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wá. N kò sì pa ọ̀kankan rẹ́.