Ìbéèrè Mẹ́ta Kí A Tó Fọwọ́ Kan Ẹ̀yìn

Mo fún aṣọ ìnura náà títí omi rẹ̀ fi dáwọ́ ríro dúró, mo ká a sí mẹ́ta, mo sì tẹ́ ẹ lé ẹ̀yìn obìnrin tó dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ó mí kanlẹ̀. Òórùn èéfín àti ti ẹ̀gẹ́ kíkan ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, nítorí ìdí agbada gàrí ni wọ́n ti gbé e wá. Àpò gàrí ló fẹ́ gbé tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gan.

“Má tẹ̀ ẹ́,” ìyá àgbà sọ fún mi láti orí àpótí wọn. “Ooru ni kí ó bá iṣan sọ̀rọ̀, kì í ṣe agbára.”

Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní abúlé kan ní ìhà Lágelú, níbi tí gàrí yíyan ti ń ba ẹ̀yìn àwọn obìnrin jẹ́. Wọn kì í fún ènìyàn ní àgbo, wọn kì í sín gbẹ́rẹ́. Omi gbígbóná, òrí díẹ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ ẹ̀yìn, àti ìrìn, ìtọ́jú wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrun ni wọ́n sì fi ń ka ìsinmi: ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn Àílà gbọ́dọ̀ dìde kí wọ́n tó pe Alaasárì, kí ó rìn dé ìdí kànga kí ó sì padà.

“Ìyá, aládùúrà ni mí o,” obìnrin orí ẹní náà sọ. “Èmi kì í kírun.”

“Ṣé Ọlọ́run tiyín ló ní kí ẹ máa sùn lọ́sàn-án?”

Ẹ̀rín pa á, ẹ̀yìn sì ta á. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pa òun lẹ́rìn-ín mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó gbé omi kaná rárá, wọ́n máa ń béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ẹsẹ̀ kò kú, ṣé ìtọ̀ ń jáde bó ṣe yẹ, ṣé kì í ṣe pé ẹni náà ṣubú. Bí ìdáhùn kan bá kọ wọ́n lóminú, wọn kì í fọwọ́ kàn án. “Èyí kì í ṣe ti iṣan. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.” Mo ti kàwé báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yìn tó gan sábà máa ń rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà n kò lè búra pé omi wọn ló wo ẹnikẹ́ni sàn. Àwọn ìbéèrè yẹn ni mo lè jẹ́rìí sí.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ̀yìn tiwọn náà gan. Bàbá mi, tó ń gbé ní Olódò, ti sọ tipẹ́ pé bí ara wọn bá ti ń kọ̀, òun yóò wá kó wọn lọ. Wọn kò fẹ́. Wọ́n ní inú yàrá ni àwọn yóò máa jókòó sí níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní wá àwọn wá fún ohunkóhun.

Mo gbé omi kaná. Mo béèrè bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

“Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, Ìyá?”

“Ẹsẹ̀ mi rè é. Tẹ́ aṣọ lé mi.”

“Ìtọ̀ ńkọ́?”

“Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ ló bí mi ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. N kò béèrè ẹ̀kẹta.

Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń gbé aṣọ jáde nínú abọ́, omi rẹ̀ ta sí wọn lẹ́sẹ̀ òsì. Ó ti jó èmi lọ́wọ́. Wọn kò fa ẹsẹ̀. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ nípa ẹ̀gẹ́ tí a kò tíì fà.

“Ìyá, omi ta sí yín lẹ́sẹ̀.”

Wọ́n wo ibi tó ti ń pọ́n, wọ́n sì fa ìró bò ó.

“Bàbá rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wàá sọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Òótọ́ ni, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ó tó bẹ́ẹ̀.”

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi bi mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ bí ara wọn ṣe rí. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, mo sì ń fi omi gbígbóná sí i. Ó yìn mí, ó wọkọ̀, ó lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọn kò lè dìde kí Àsùbá. Ẹní wọn tutù, ìtọ̀ sì ń rùn nínú yàrá. Ní ọsibítù, dókítà ní nǹkan kan nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti tẹ iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ẹsẹ̀. Bàbá mi béèrè bóyá ì bá yàtọ̀ ká ní a tètè dé. Dókítà ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Olódò náà ni wọ́n lọ, sínú yàrá. Wọn kò rìn mọ́ títí wọ́n fi kú. Wọn kò bá mi wí rí. Nígbà kan tí mo ń yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ní, “Èmi ni mo ní kí o dákẹ́. Jẹ́ kó wà lọ́rùn mi.”

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́tùn-ún lósì. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Àgbà ló pàṣẹ. Dókítà pàápàá kò lè sọ pé ì bá san. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Síbẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ wọn ti kú, ó sì yé mi, kí bàbá mi tó wọkọ̀ lọ.