Orúkọ Tí Ìyá Ọkọ Mi Kì í Pè

Ọdún tí ogun parí la padà sí Port Harcourt, ìyá ọkọ mi sì bá wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Rédíò kan wà nílé, ọ̀gá ọkọ mi ní Old GRA ló fi ta á lọ́rẹ. Lásìkò yẹn, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kì í mẹ́nu ba àrùn igbóná, èyí tó máa ń sọ ojú èèyàn di ṣàṣá: ó tún ti yọjú níbì kan, kí gbogbo ará ìlú jáde wá bupá.

Bí ìyá ọkọ mi bá ti gbọ́ “smallpox”, wọ́n á pa rédíò. Wọn kì í pe àrùn náà lórúkọ. Olóde ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ nínú oòrùn ti ránṣẹ́ pè é nìyẹn. Inú máa ń bí mi, torí mo fẹ́ gbọ́ ìyókù ìròyìn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ìyá ọkọ fa wàhálà nítorí rédíò?

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, ń wo gbogbo wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ súwẹ́tà lọ sílé ìwé, nínú ooru Port Harcourt. Mo ní kó bọ́ ọ, ó ní òtútù ń mú òun. Títí ọ̀sẹ̀ fi parí, kò bọ́ ọ, kò sì jẹun dáadáa mọ́. Nígbà tó di Sátidé, sùúrù mi tán, mo fipá bọ́ ọ. Kókó wẹ́wẹ́ ti pọ́n kún ọrùn rẹ̀ dé àyà. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, kí n tó rí i pé ooru lásán ni, súwẹ́tà tó fi ń bò ó mọ́lẹ̀ gan-an ló sì jẹ́ kó pọ̀ sí i.

Ó bú sẹ́kún. “Mama, abeg, no tell anybody. Dem go carry me go bush.”

Ilé ìwé ló ti gbọ́ pé inú igbó ni wọ́n ń gbé ẹni tí igbóná bá mú lọ. Mo fi ojú bupá hàn án lápá rẹ̀, mo ní àrùn náà kò lè ṣe é.

“If e no fit do me, why Grandma dey off radio?”

Ìyá ọkọ mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò gbọ́ Pidgin púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ìyẹn. Wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n ní kó fọwọ́ kan ojú àwọn. Ojú tó kún fún ṣàṣá ni, ó ti ń fi ṣeré láti kékeré, kò sì béèrè rí ohun tó ṣe é.

“Ṣànpọ̀nná ló ṣe mí,” ni wọ́n wí, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. “Mi ò tíì tó ẹ nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó bupá fún mi. Ìyá mi tọ́jú mi títí ara mi fi yá. Wọ́n ti bupá fún ìwọ. Ooru ló ń ṣe ẹ́.”

Mo gbójú sókè wo oòrùn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà ń fi ìka tọ àwọn ṣàṣá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè bóyá ó dùn wọ́n.

“Ó dùn mí. Èmi náà rèé, mò ń ṣa ẹ̀wà.”

Mo fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, mo fi páúdà sí i lọ́rùn, ó sì jẹ ẹ̀wà náà tán pátá. Ara tù mí débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín nídìí àwo.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn tún dé orí àrùn náà. Ìyá ọkọ mi nawọ́ sí rédíò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè, wọ́n ní kó jókòó ti àwọn, kó máa túmọ̀ ìròyìn náà sí Yorùbá fún àwọn.