Ìkíni Tí Sáfà Kí Rafíù

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó ní ọ́fíìsì wa ní Ìgàǹdó, mo tẹ orúkọ mi àti páswọ́ọ̀dù mi, kọ̀ǹpútà sì dún pìn-ín. Ó kí mi káàbọ̀, ó ní inú òun dùn láti rí mi. Èmi tí n kò tíì jẹun, tí ẹ̀yìn ń dùn mí! Bó ṣe ń kí mi lọ́jọ́ tí ara mi yá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń kí mi lọ́jọ́ tí mo bá ti ibi ìsìnkú dé. Ó ti sú mi. Ṣùgbọ́n ìró yẹn gbé mi padà sí Ìkòtún ìgbà èwe mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun ládùúgbò wa. Ibẹ̀ ni Àǹtí Bọ́sẹ̀, ọmọ Èkìtì tó jẹ́ ọmọ ìjọ náà, ti ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí a bá jáde ilé ìwé. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì a máa kùn bí ẹni tí inú ń bí, èéfín rẹ̀ a sì bá wa jókòó. Kọ̀ǹpútà àgbà kan wà tí àwọn yòókù so mọ́, sáfà là ń pè é. Ẹni tó bá tẹ orúkọ rẹ̀, sáfà á kí i ní ìkíni tirẹ̀, nítorí Àǹtí kì í relé láìkọ ohun tí oníkálukú wa yóò bá lójú ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí ibà ti dá dùbúlẹ̀ a bá "O kú ewu." Ọmọ tí wọ́n ń ṣọdún nílé rẹ̀ a bá "Ẹ kú ọdún." Nígbà tí mo jábọ́ sínú gọ́tà, "O kú ewu gọ́tà" ni tèmi, gbogbo kíláàsì ló sì wá kà á.

Rafíù ọ̀rẹ́ mi ló ń jókòó tì mí. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ Ọlọ́run fún àbúrò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sáré wọlé.

"Àǹtí! Màámi ti bímọ! Obìnrin ni!"

A hó yèè. Kí Àǹtí tó tilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ó kọ ọ́ sí sáfà pé: "Rafíù, ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó."

Ọmọ náà kú ní ìdájí ọjọ́ kejì. Bàbá Rafíù kò fẹ́ kó máa gbọ́ ẹkún nínú ilé, ló bá ní kó máa lọ sí kíláàsì. Rafíù kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó tẹ orúkọ rẹ̀, ìkíni sì yọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú kọ̀ǹpútà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á rẹ́. Ó ti kú."

Àǹtí sáré pa iná lára ògiri, gbogbo kọ̀ǹpútà sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di Rafíù lọ́wọ́ mú, ó mú un lọ sílé nínú aṣọ àdúrà rẹ̀, láìwọ bàtà. Láti ọjọ́ yẹn, Rafíù kò wá mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti pàdánù rẹ̀. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó dé. Ó tẹ orúkọ rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ.

"Àǹtí, sáfà ò kí mi."

"Mo ti ní kó má kí yín mọ́ jàre." Àǹtí bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó wojú rẹ̀ títí. "Èmi ni mo fẹ́ kí ẹ. Rafíù mi, o kú ìrọ́jú."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Àgbàdo lẹ́yìn náà, n kò sì rí i mọ́. Yàrá wa ti di ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ tó mọ orúkọ mi ti pọ̀ ju èèyàn tó mọ̀ mí lọ, ó sì rẹ̀ mí. Síbẹ̀, mo ṣì ń pàdé ẹni tó máa ń wo ojú mi kó tó la ẹnu. Bí mo bá rí Rafíù lónìí, n kò ní ìkíni kankan nílẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ wò.